Wí I Kí Ó Yé Ọmọdé: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Tí Ń Kọ Ẹ̀kọ́ Sórí Fóònù

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò tí ì di àtijọ́, ṣùgbọ́n ayé òde òní ti fi ìbéèrè kan lé e: ọmọ tí a kọ́ náà, ta ni ó kọ́ ọ, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó sì fi kọ́ ọ? Nígbà kan rí, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ìyá ni, bàbá ni, ìyá àgbà tí ń pàlọ́ nínú òṣùpá ni, tíṣà tí ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ níwájú pátákó dúdú ni. Lónìí, olùkọ́ mìíràn ti wọlé sí àárín wa. Kì í gba owó oṣù, kì í sùn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń bẹ nínú bátìrì rẹ̀. Fóònù ni à ń wí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí olùkọ́ tuntun yìí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó rìn gba Òṣòdì kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tàbí kí ó yà sí Máfolúkù, kí ó sì dé Ìsọlọ̀. Yóò rí ìyá tí ń tajà, yóò rí ọmọ rẹ̀ ní abẹ́ tábìlì tàbí lẹ́yìn ìsọ̀, fóònù ìyá yóò sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ kò dí ìyá lọ́wọ́, ìyá náà kò sì dí ọmọ lọ́wọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 621,509 ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Iye ọmọ tí ó wà láàrin irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí a bá wá bi ìyá náà pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń kà lórí fóònù yìí, pé ta ni ó kọ ọ́, pé irú èdè wo ni ó fi kọ ọ́, bóyá ni yóò lè dá wa lóhùn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ àti ọmọ kíkọ́ ni ìbéèrè náà tọ́ sí.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí àwọn ètò orí fóònù tí a ń pè ní áàpù, àwọn èyí tí a ṣe fún ọmọdé láti fi mọ̀wé, láti fi ka ìtàn, láti fi kọ́ ìṣirò àti èdè. Ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ẹ̀rọ ni ó ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ẹ̀rọ tí ó wọ́n jù lọ láyé kò lè tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kedere tí ó sì dùn, fóònù kékeré tí ojú rẹ̀ ti sán pàápàá yóò ṣe iṣẹ́ tíṣà.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN GBOGBO WA

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni èyí. Kí onítọ̀hún ro ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìpinnu náà nínú ọ̀rọ̀ wa ti òní. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni pé, bí èdè abínibí kò bá jẹ́ èdè tí a fi ń ṣàlàyé ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní kíláàsì, ibi tí ọmọ Yorùbá yóò ti máa pàdé èdè bàbá rẹ̀ nínú ìwé kíkà dín kù púpọ̀. Ohun tí ó kù fún un ni ìwọ̀nba wákàtí tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé, àti ohun tí ó bá ń kà fúnra rẹ̀ ní ilé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù ni ìwé kan ṣoṣo tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọ áàpù Yorùbá fún ọmọdé lónìí, kí ó mọ̀ pé ẹrù ilé-ìwé ni òun rù.

Ní ilé-ìwé pàápàá, ẹ̀rọ ti wọlé. Ní ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò EKOEXCEL ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì fi tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ti kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ lé àwọn tíṣà lọ́wọ́. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti pín tábúlẹ́ẹ̀tì tí a sọ ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sì kún inú rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù bá gbé kalẹ̀, ohun kan náà ni kí a máa béèrè lẹ́yìn ìlù àti ijó: ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, ta ni ó sì kọ ọ́ fún?

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ WA ṢE

Ìran wa kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún tọmọ-tọmọ. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955 wọ́n di 811,432. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà lára àwọn tí ó jẹ nínú oore náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni ẹkùn Ìkẹjà wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ìlú Èkó fúnra rẹ̀, tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò rí tirẹ̀ gbà títí di ọdún 1957.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ tí ó dojú kọ àwọn olùkọ́ ọdún náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí bàbá àti ìyá wọn kò mọ̀wé jókòó sórí àga ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Kò sí ẹnìkan ní ilé tí yóò túmọ̀ ohun tí kò yé wọn. Bí ìwé kò bá yé ọmọ fúnra rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí yóò gbà yé e. Lára ìwé tí ó gbé iṣẹ́ náà ró ni Aláwìíyé, èyí tí Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ kọ. Ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni, a bí i ní ọdún 1904, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí ó ti dúró níwájú ọmọ ni ó kọ ìwé fún ọmọ. Àṣírí kìn-ín-ní nìyẹn.

Àṣírí kejì wà nínú orúkọ ìwé náà. Aláwìíyé ni ẹni tí ń wí ọ̀rọ̀ kí ó lè yé ni. Kò sọ ọ́ ní Alákọ̀wé, kò sì sọ ọ́ ní Amòye. Ìwé náà gun àkàbà díẹ̀díẹ̀: ọ̀rọ̀ kéékèèké pẹ̀lú àwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn àti ewì tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń kà lórí títí di òní. Ní àwọn ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ń tẹ ìwé ìròhìn kan jáde tí a sọ ní Àwòrẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kí ó yé ọmọ. Kí ó pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí ń kọ áàpù bá mọ òfin méjì yìí, ó ti mọ ohun tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí kẹta wá láti Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n dáradára. Ohun tí ó pọn dandan kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n kọ ìwé. Ìṣirò Yorùbá kò sí nílẹ̀ ní odindi, ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ọmọdé kò sí. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun gbogbo, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó yé ọmọ. Nígbà tí a dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn tí ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́nà, kí wọ́n rántí Ifẹ̀.

ÀWỌN ÀLÉÉBÙ TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a sáábà ń bá pàdé nínú áàpù ọmọdé. Àléébù kìn-ín-ní, tí ó sì jẹ́ ìyá fún ìyókù, ni ìtumọ̀. Ẹnìkan kọ ètò náà ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ìlú mìíràn. Òmíràn gbé e lọ sínú ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè, nítorí Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti ọdún 2013. Ohun tí ó bá sì bọ́ síta ni a ó fi síwájú ọmọ. Báyìí ni a ṣe ń rí ábídí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A tí ó dúró fún èso kan tí a kì í gbìn ní ilẹ̀ wa. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì a tò lẹ́sẹẹsẹ, C àti Q àti X a wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní rí Ẹ, a kò ní rí Ọ, a kò ní rí Ṣ, GB a sì ti pínyà di lẹ́tà méjì. Ábídí Yorùbá jẹ́ lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí tíṣà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sójú pátákó, ọ̀gá ilé-ìwé yóò pè é sí ọ́fíìsì. Ta ni yóò pe fóònù?

Ìtumọ̀ tún ń ba ìwà jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọdé àti àgbà nígbà tí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, Yorùbá ní "o," ó sì ní "ẹ." Atúmọ̀ tí kò kíyè sára yóò jẹ́ kí ọmọ inú ìtàn wí fún ìyá àgbà rẹ̀ pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ Ìsọlọ̀ tí ó kà á yóò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìn-ín-ní, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyekan. Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà ẹni tí a kọ́kọ́ bí. Àwa ń bìkítà. Ọmọ wa ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò. "Arákùnrin" tí áàpù ń kọ, ọmọ kan kì í fi pe ẹni tí ó bá a mu ọmú kan náà.

Àléébù kejì ni ọ̀rọ̀ àpọ̀jù. A ti rí ìtọ́sọ́nà fún ọmọ ọdún márùn-ún tí ó lọ báyìí: "Jọ̀wọ́ yan àṣàyàn tí ó tọ̀nà láti inú àwọn àṣàyàn tí a pèsè sí ìsàlẹ̀ yìí kí o tó tẹ̀síwájú sí ìpele tí ó kàn." Adájọ́ ni a lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ohun tí tíṣà rere yóò wí ni pé: "Èwo ni ajá? Fi ọwọ́ kàn án." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje ti parí iṣẹ́ náà. Kí ẹni tí ń kọ̀wé fún ọmọdé máa fi ohun kan ṣoṣo sínú gbólóhùn kan, kí ó sì máa fi iṣẹ́ kan ṣoṣo rán ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ní kí ọmọ wo àwòrán, kí ó jẹ́ kí ó wò ó ná. Bí ó bá ti wò ó tán, kí ó wá ní kí ó kà á.

Àléébù kẹta ni àmì ohùn. Àwọn kan a máa wí pé àmì ń dí ojú ìwé, pé àgbàlagbà ń kà á láìsí àmì. Lóòótọ́ ni, nítorí àgbàlagbà ti mọ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó rí i. Ọmọdé kò tí ì mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ "igba" sílẹ̀ láìsí àmì, kí ẹ sì ní kí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kà á. Ṣé igba owó ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà òjò, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹ kọ "oko" láìfi àmì tàbí ìsàlẹ̀ sí i: ọmọ kò ní mọ̀ bóyá oko àgbàdo ni, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí ń pèrò ní Òṣòdì. Ọmọ tí a bá fi èyí dán wò nígbà mẹ́ta tí ó kùnà nígbà mẹ́ta, yóò wí pé Yorùbá le. Yorùbá kò le. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni kò parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà sì fetí sílẹ̀ níhìn-ín. Nínú àká lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò káàkiri ayé, "ẹ" wà ní odindi, "é" náà sì wà ní odindi, ṣùgbọ́n "ẹ́" tí ó ní àmì lókè àti ìsàlẹ̀ kò sí ní ẹyọ kan. Àfi kí a so ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí fóònù mìíràn, tàbí tí àpótí òfìfo fi ń jókòó sí ipò lẹ́tà. Kí a yan irú lẹ́tà tí ó gba Yorùbá dáradára, kí a sì dán an wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, nítorí irú rẹ̀ ni ìyá tí ń tajà ní Òṣòdì ní.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE Ń DÙN

Ọ̀rọ̀ lè yé ọmọ kí ó má sì dùn mọ́ ọn. Bí kò bá dùn, ọmọ yóò pa á tì, yóò sì wá eré mìíràn tí ń pariwo. Àwọn kan rò pé aago, ìràwọ̀ àti àtẹ́wọ́ ni adùn. A kò sọ pé wọn kò dára. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ará òkèèrè, ẹ jẹ́ kí a wo àlọ́ àpamọ̀ tiwa. Apàlọ́ béèrè, ó dákẹ́, ọmọ ronú, ọmọ dáhùn, bí ó bá ṣì í, a fún un ní àyè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó bá gbà á, gbogbo ilé hó yèè, òun náà a sì di ẹni tí ń pa tirẹ̀. Kí tún ni à ń pè ní áàpù ju èyí lọ? Àwọn baba wa ti ṣe é láìní iná mànàmáná.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Láti ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí Èkó pè ní Red Line ti ń kó èrò, Òṣòdì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Ọmọ Òṣòdì ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí áàpù bi í báyìí: "Ó gùn bí ejò. Ó ń ké bí erin. Ojú irin nìkan ni ó ń rìn. Kí ni?" Kí ó dákẹ́ díẹ̀. Kí àwòrán mẹ́ta yọ: ejò, erin, ọkọ̀ ojú irin. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan ejò, kí ẹ̀rọ má wí pé, "Ìdáhùn rẹ kò tọ̀nà." Kí ó wí pé, "Ó kù díẹ̀. Ṣé ejò ń rìn lórí irin?" Bí ọmọ bá gbà á, kí ẹ̀rọ má wí pé, "Iṣẹ́ dáradára," tí kò sí ìyá kan tí ń sọ ọ́. Kí ó wí pé, "O káre!" Lẹ́yìn náà, kí ọ̀rọ̀ náà yọ síta pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, kí ohùn ènìyàn kà á, kí ọmọ sì kà á tẹ̀lé e.

Gbogbo olùkọ́ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ jáde mọ òfin tí ó wà nídìí àpẹẹrẹ yìí: inú ohun tí ọmọ mọ̀ ni a ti ń mú un lọ sínú ohun tí kò mọ̀. Ọmọ Òṣòdì mọ ọkọ̀, ó mọ afárá, ó mọ ìró ọkọ̀ òfúrufú tí ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Ìkẹjà, ó mọ ọjà. Kí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ ti ọsàn àti ti owó ọkọ̀, kí ìtàn rẹ̀ sì ní ìyá tí ń kiri àti bàbá tí ń wakọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a mú un lọ sí ibi òjò yìnyín àti ẹranko aginjù, yóò bá wa lọ tayọ̀tayọ̀.

ÀWỌN TÍ YÓÒ WÍ PÉ KÒ ṢEÉ ṢE

Àwọn kan yóò wí pé owó kò sí, pé iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni. A kò gbà. Ní Èkó níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ Genii Games ti fi orin, àwòrán àti eré ṣe áàpù tí ń kọ́ ọmọdé ní èdè wa. Ní Abùjá, Adamu Waziri ti gbé eré àwòrán Bino and Fino jáde, nínú èyí tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń rí ilé tí ó jọ tirẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ènìyàn kan dá African Storybook sílẹ̀ ní ọdún 2014, níbi tí olùkọ́, òbí tàbí akọ̀wé lè kọ ìtàn sí, kí ẹnikẹ́ni sì kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Yorùbá wà lára èdè ibẹ̀. Wọ́n pín àwọn ìtàn náà sí ìpele gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó, kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé má baà ru ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Íńdíà, Pratham Books ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2015, wọ́n pè é ní StoryWeaver. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àwọn tí yóò wọlé ni a ń wá.

Àwọn mìíràn yóò wí pé fóònù léwu fún ọmọdé, pé ìpolówó tẹ́tẹ́ àti àwòrán àìtọ́ ń fò jáde níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí áàpù ọmọdé wà láìsí ìpolówó, kí ó sì lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 2023, sì béèrè pé kí òbí fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó gba ìsọfúnni ọmọdé. Kí òbí mọ ẹ̀tọ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gba fóònù búburú lọ́wọ́ ọmọ tí a kò sì fi ohun rere rọ́pò, ojúlé aládùúgbò ni yóò ti lọ wo èyí tí a gbà.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ WA

Kí wá ni ṣíṣe? A dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kó ara wọn jọ, kódà bí wọn kò ju márùn-ún lọ, kí olúkúlùkù wọn kọ ìtàn kúkúrú kan fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní láàrin sáà ẹ̀kọ́ kan. Wọn kò nílò láti mọ bí a ti ń ṣe áàpù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Èkó. Ohun tí ọwọ́ wọn kò tó ni ẹni tí ó mọ ọmọ, tí ó sì mọ èdè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì pàdé.

Èkejì, kí a tó tẹ ohunkóhun jáde, kí a gbé e lọ bá ọmọ márùn-ún tí wọn kì í ṣe ọmọ wa. Kí a fi fóònù lé wọn lọ́wọ́, kí a jókòó ti wọ́n, kí a sì pa ẹnu mọ́. Ibi tí ọmọ bá ti dúró, ibi tí ó bá ti wo ojú wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ́. Kí a má ṣàlàyé fún un. Ìwé ni kí a lọ tún kọ, nítorí a kò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún ọmọ kejì.

Ẹ̀kẹta wà fún àwọn olóṣèlú àti àwọn tí ń tẹ̀ lé wọn. Ní gbogbo àkókò ìbò, a ń gbọ́ ìlérí tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ti ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, máa dìde béèrè ní ìpàdé wọ́ọ̀dù pé: èló nínú owó yìí ni ó wà fún àwọn tí yóò kọ ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀? Àwọn olùkọ́ wo ni a ó pè? Ta ni yóò yẹ èdè rẹ̀ wò? Ẹni tí ó bá fi owó ra àwo tí kò ra oúnjẹ, ebi ni yóò fi bọ́ àlejò.

Ọdún 1955 ti kọjá, àwọn ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì ọjọ́ náà ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ohun tí a kọ́ wọn kò tí ì kúrò lórí wọn, nítorí ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ kí ó yé wọn. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni ó mú fóònù lọ́wọ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lónìí. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ni wọn yóò kà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú gègé yín.